Naxos

Naxos ni erékùṣù tó tóbi jù nínú ọ̀wọ́ erékùṣù Cyclades, láàárín Òkun Aegean ní orílẹ̀-èdè Gíríìsì. Ilẹ̀ rẹ̀ tó nǹkan bíi kìlómítà 430 níbùú lóòró, àwọn tó ń gbé orí rẹ̀ sì tó nǹkan bí 20,000. Chora ni olú ìlú rẹ̀, ibẹ̀ náà ni èbúté wà. Òkìkí Mykonos àti Santorini tó wà nítòsí ta á yọ. Àmọ́ omi àti ilẹ̀ ọlọ́ràá pọ̀ ní Naxos ju ti àwọn aládùúgbò rẹ̀ lọ, ìdí nìyẹn tí àgbẹ̀ àti darandaran ibẹ̀ ò fi tíì pa iṣẹ́ wọn tì nítorí arìnrìn-àjò. Ànàmọ́ òyìnbó Naxos lórúkọ káàkiri Gíríìsì, bẹ́ẹ̀ náà ni wàràkàṣì graviera tí wọ́n ń fi wàrà màlúù ṣe níbẹ̀. Òfin ilẹ̀ Yúróòpù dáàbò bo orúkọ méjèèjì, èyí tí wọ́n bá ṣe níbòmíràn ò gbọdọ̀ jẹ́ orúkọ náà.

Ilẹ̀ àti òkè

Apá ìwọ̀ oòrùn tẹ́jú, yanrìn ló sì pọ̀ létíkun rẹ̀. Béèyàn bá ti kọjú sí ìlà oòrùn, ilẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ga títí dé Òkè Zas, tó fi díẹ̀ lé ní mítà 1,000, tí kò sì sí èyí tó ga tó o ní gbogbo Cyclades. Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé orí òkè yìí ni Zeus, ọba àwọn òrìṣà Gíríìkì, ti dàgbà, ihò àpáta kan sì wà lára òkè náà tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Àfonífojì Tragaia wà nísàlẹ̀, igi ólífì ló kún ibẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì kéékèèké láti ayé ilẹ̀ ọba Bìsáńtíọ́mù sì fọ́n káàkiri àárín àwọn igi náà. Panagia Drosiani, lẹ́bàá abúlé Moni, wà lára àwọn tó lọ́jọ́ lórí jù. Àwòrán kan wà lára ògiri rẹ̀ tí wọ́n ti kùn láti nǹkan bí ọ̀rúndún kẹfà tàbí ìkeje.

Mábù funfun ni òkúta tí Naxos fi lókìkí láyé àtijọ́. Ẹni tó bá ń bọ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi yóò kọ́kọ́ rí Portara, ẹnu ọ̀nà mábù tó dá dúró lórí erékùṣù kékeré kan tí wọ́n ti fi ọ̀nà so mọ́ Chora. Ní nǹkan bí ọdún 530 ṣáájú ìbí Kristi ni Lygdamis, tó ń ṣàkóso Naxos nígbà náà, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ tẹ́mpìlì tó ni ẹnu ọ̀nà yìí. Wọ́n lé e kúrò lórí oyè, iṣẹ́ sì dúró. Nígbà tó yá, àwọn ará Fẹ́nísì (Venice), ìlú kan ní Ítálì, ń kó mábù ibẹ̀ lọ kọ́ ilé olódi wọn, ṣùgbọ́n òkúta ẹnu ọ̀nà yìí wúwo jù fún wọn. Ní abúlé Apollonas ní àríwá, ère ọkùnrin onírùngbọ̀n kan tó gùn ju mítà 10 lọ ṣì dùbúlẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń gbẹ́ ẹ. Ojú rẹ̀ ò tíì hàn dáadáa, apá rẹ̀ ò sì tíì yọ kúrò lára òkúta.

Àwọn ará Fẹ́nísì tí a mẹ́nu bà yìí, Marco Sanudo ló kó wọn dé, ní 1207. Ó fi Naxos ṣe olú ìlú ilẹ̀ ọba kékeré kan tí ìran rẹ̀ àtàwọn mìíràn ṣàkóso fún ohun tó ju 300 ọdún lọ, kí agbára tó bọ́ sọ́wọ́ àwọn Ottoman, ìyẹn àwọn ará Tọ́kì. Ilé olódi wọn, Kastro, ṣì wà lókè Chora, ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà sì wà nínú rẹ̀ títí dòní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìjọ Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì ni ọ̀pọ̀ ará erékùṣù náà ń lọ.

Apeiranthos àti àṣà orí òkè

Bí a bá ń wá àṣà Naxos, ká gorí òkè. Mábù ni wọ́n tẹ́ sí ojú ọ̀nà abúlé Apeiranthos, àwọn ará ibẹ̀ sì ń sọ èdè Gíríìkì lọ́nà tó jọ ti àwọn ará Kírétè, níbi tí wọ́n ní àwọn baba ńlá àwọn ti ṣí wá. Kotsakia ni orúkọ ewì wọn: ẹsẹ̀ kúkúrú méjì tí ìparí wọn bára mu, tí akéwì ń gbé kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀ láìkọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n ń fi í tọrọ ìyàwó, wọ́n ń fi í bú ara wọn ṣeré, ẹni tí wọ́n bá sì ké e sí gbọ́dọ̀ fi ewì dáhùn.

Nígbà ayẹyẹ tó ṣáájú ààwẹ̀ Lẹ́ǹtì, àwọn ọkùnrin tí wọ́n ń pè ní koudounatoi á gbé agbádá onífìlà borí, wọ́n á so agogo ewúrẹ́ ńláńlá mọ́ra, wọ́n á mú ọ̀pá dání, wọ́n á sì máa fò káàkiri abúlé. Ariwo wọn á ti ṣáájú wọn dé. Tsabouna, fèrè aláwọ ewúrẹ́, àti ìlù kékeré kan ni orin ìgbà yẹn. Fáyólìn àti laouto, ohun èlò orin olókùn tó jọ gìtá, ló wọ́pọ̀ níbi ayẹyẹ yòókù, pàápàá àjọ̀dún Màríà ní abúlé Filoti lọ́jọ́ 15 oṣù Ọ̀gọ́ọ̀sì. Lọ́dún Àjíǹde, patoudo ni oúnjẹ: ẹran àgùntàn tàbí ewúrẹ́ tí wọ́n ki ẹ̀fọ́ àti ìrẹsì sí nínú, tí wọ́n wá yan.

Ọmọ Apeiranthos ni Manolis Glezos, tí wọ́n bí ní 1922. Òun àti Apostolos Santas ló gun Acropolis, òkè olódi àtijọ́ tó wà ní Áténì, lóru ní oṣù Karùn-ún 1941, tí wọ́n já àsíá àwọn Násì lulẹ̀.

Ẹ́márì, òkúta dúdú líle tí wọ́n ń lọ̀ ṣe pépà tí káfíńtà fi ń dán igi, ló bọ́ àwọn abúlé yìí fún ìgbà pípẹ́. Láàárín àwọn ọdún 1920 ni wọ́n ta okùn irin láti orí òkè dé èbúté Moutsouna, tí garawa ń gbé òkúta kọjá lójú òfuurufú. Òpó rẹ̀ ṣì dúró. Ní abúlé Halki, ewé igi kitron, ìbátan ọsàn, ni wọ́n fi ń pọn ọtí tó ń jẹ́ orúkọ igi náà. Ilé ìpọntí Vallindras ti wà lẹ́nu rẹ̀ láti 1896. Èyí tó ní àwọ̀ ewé ló dùn jù, èyí tó ní àwọ̀ ìyeyè ló le jù.

Ìrìn àjò pẹ̀lú ọmọ

Ọkọ̀ ojú omi ńlá láti Piraeus, èbúté Áténì, máa ń lò tó wákàtí márùn-ún. Ọkọ̀ òfuurufú láti Áténì ò tó wákàtí kan. Etíkun Agios Georgios ló rọrùn jù fún ọmọ kékeré, nítorí omi rẹ̀ ò jìn, èèyàn sì lè fẹsẹ̀ rìn débẹ̀ láti Chora. Agios Prokopios, Agia Anna àti Plaka tẹ̀ lé e lápá gúúsù. Kẹ̀kẹ́ ọmọ ọwọ́ ò wúlò nínú Kastro, àtẹ̀gùn ló kún ibẹ̀. Kí wọ́n pọn ọmọ sẹ́yìn ló dáa. Bọ́ọ̀sì ń lọ sí Halki, Filoti àti Apeiranthos, àwọn ọmọ tó ti dàgbà díẹ̀ sì lè gun Òkè Zas láti ṣọ́ọ̀ṣì Agia Marina.

Oṣù Keje àti Ìkẹjọ ni meltemi, afẹ́fẹ́ líle láti àríwá, ń fẹ́ jù. Ó ń mú kí ooru rọlẹ̀, àwọn tó ń fi ìgbòkun sáré lójú omi sì fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n yanrìn á máa ta sójú ọmọ. Ó tún lè dá àwọn ọkọ̀ kéékèèké tó ń lọ sí Iraklia, Schinoussa, Koufonisia àti Donousa dúró sí èbúté, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ wọkọ̀ òfuurufú lọ́jọ́ kejì kò gbọdọ̀ sùn sí erékùṣù wọ̀nyẹn.