Ìdìbò ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́: ohun tó ń bàjẹ́ kí àpótí ìbò tó dé gbọ̀ngàn

Nínú gbọ̀ngàn tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ti ń dìbò ní Ìlọrin, ó ṣòro kí èèyàn tó rí èrú. Àpótí wà lójú gbogbo ayé, wọ́n ń pe orúkọ aṣojú lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń ka ìbò sókè ketekete. Síbẹ̀, ìdìbò náà lè ti wọ́ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, nígbà tí lẹ́tà ìpàdé tètè dé àwọn ẹ̀ka tó sún mọ́ Ìlọrin, tí kò sì dé Òwù-Ìsin títí ọjọ́ tí wọ́n ń gba orúkọ aṣojú fi kọjá.

Bí ẹgbẹ́ tó pọ̀ ṣe ń ṣe é ni pé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan á yan aṣojú, àwọn aṣojú yìí ló máa ń lọ sí ìpàdé ńlá ìpínlẹ̀ láti yan alága, akọ̀wé, akápò àti àwọn yòókù. Nítorí náà, ẹni tó bá ń ṣàkóso àkọsílẹ̀ aṣojú ti di nǹkan pàtàkì mú. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní ẹgbẹ́ kan ní ẹ̀ka ní gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ 16 tó wà ní Kwara, tí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ń fi aṣojú 5 ránṣẹ́: 80 nìyẹn. Òfin àwọn ẹgbẹ́ kan tún gba àwọn olóyè ìpínlẹ̀ láyè láti dìbò nítorí ipò wọn. Bí wọ́n bá jẹ́ 12, gbogbo rẹ̀ di 92, ẹni tó bá ní 47 ló wọlé láàárín olùdíje méjì. Bí àwọn 12 yẹn bá wà lẹ́yìn alága tó wà lórí àga, 35 péré ló kù tó ń wá nínú 80. Alátakò rẹ̀ ní láti rí 47 nínú 80 kan náà. Ẹnikẹ́ni kò tíì ná kọ́bọ̀ o. Kí wọ́n wá sọ pé ẹ̀ka méjì jẹ gbèsè owó ẹgbẹ́, kí wọ́n sì yọ aṣojú wọn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá: ó ku 82, ìbò 42 ti tó láti wọlé, alága ń wá 30 nínú 70. Bí ó bá jẹ́ pé ibi tí alátakò ti lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ni ẹ̀ka méjèèjì, ìbò tirẹ̀ ti lọ láìsí ẹni tó fọwọ́ kan àpótí.

Ọ̀rọ̀ gbèsè yìí gba àlàyé, torí òun ni wọ́n fi ń rẹ́ àwọn èèyàn jẹ jù. Owó ẹgbẹ́ kì í dé ọwọ́ òṣìṣẹ́. Ibi tí wọ́n ti ń ṣe owó oṣù ni wọ́n ti ń gé e, agbanisíṣẹ́ ló sì ń fi ohun tó gé ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́. Bí owó bá há sọ́nà, òṣìṣẹ́ kọ́ ló jẹ gbèsè. Ìwé owó oṣù ni ẹ̀rí tó dájú jù: bí gígé náà bá hàn nínú rẹ̀, onítọ̀hún ti san tirẹ̀. Ẹ̀ka tó gbọ́n á ti kó ẹ̀dà ìwé owó oṣù mẹ́ta tó gbẹ̀yìn jọ sínú fáìlì kí ẹnikẹ́ni tó bèèrè. Gbèsè tí ẹnikẹ́ni kò kọ lẹ́tà lé lórí kí wọ́n tó kéde ọjọ́ ìdìbò, kò yẹ kí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá fi yọ ẹ̀ka nígbà tó bá ku ọjọ́ méjì.

Ó tún yẹ kí wọ́n fọ àkọsílẹ̀ ọmọ ẹgbẹ́ mọ́. Àwọn tó ti fẹ̀yìn tì, àwọn tí wọ́n ti gbé lọ síbòmíràn àti àwọn tó ti kú ṣì máa ń wà níbẹ̀. Àtúnṣe tí wọ́n ṣe sí Òfin Ẹgbẹ́ Òṣìṣẹ́ ní 2005 sọ pé ẹnikẹ́ni kò lè fipá mú òṣìṣẹ́ wọ ẹgbẹ́, nítorí náà ẹni tó ti kọ̀wé pé òun kò ṣe mọ́ kò gbọ́dọ̀ máa kún iye tí wọ́n fi ń pín aṣojú. Kí wọ́n lẹ àkọsílẹ̀ náà mọ́ ara ògiri sẹkitéríàtì, ó kéré tán ọjọ́ 21 ṣáájú, kí olúkúlùkù lè wá orúkọ rẹ̀.

Lẹ́yìn orúkọ ló kan fífi ohun ìní ẹgbẹ́ polongo: ọkọ̀, epo, ìwé tó ní orí lẹ́tà ẹgbẹ́, nọ́ńbà fóònù àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àti owó ìrànlọ́wọ́. Olóyè tó tún ń díje kò lè fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ torí ìdìbò, ìyẹn ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà díjú. Ìbéèrè méjì ló máa ń tú u: ṣé ìrìn yìí ì bá wáyé bí kò bá sí ìdìbò? Ṣé olùdíje kejì lè rí nǹkan kan náà lò? Bí alága bá lọ sí Òmù-Àrán lọ parí ìjà lórí ìgbéga òṣìṣẹ́, iṣẹ́ ni. Bí ó bá lọ kí gbogbo ẹ̀ka ní gúúsù Kwara láàárín ọ̀sẹ̀ kan, tó sì ń pín fìlà, ìpolongo ni, àpò ara rẹ̀ ló yẹ kí epo ti wá. Ìwé ìrìn ọkọ̀ ló ń sọ òtítọ́: ọjọ́, ibi tí wọ́n lọ, iye kìlómítà nígbà tí wọ́n jáde àti nígbà tí wọ́n dé, iye lítà epo, orúkọ ẹni tó wà nínú ọkọ̀. Ibi tí kò bá ti sí ìwé yìí, kò sí bí ọ́dítọ̀ ṣe fẹ́ mọ̀.

Ìrẹsì ọdún náà ńkọ́? Bí ẹgbẹ́ bá ti ń pín ìrẹsì nígbà Iléyá àti Kérésìmesì tẹ́lẹ̀, kí wọ́n máa pín in lọ. Àmọ́ bí àpò tó jẹ́ kìlógíráàmù 5 lọ́dún tó kọjá bá ṣàdédé di 10 lọ́dún ìdìbò, tí àwòrán alága sì wà lára rẹ̀, owó ọmọ ẹgbẹ́ ni wọ́n fi ń polongo fún un.

WhatsApp ti wá di pápá tuntun. Akọ̀wé lè ti gbogbo ẹnu pa, kó jẹ́ pé àwọn alábòójútó (admin) nìkan ló lè kọ̀wé, kí wọ́n sì máa gbé àwòrán ẹnì kan ṣoṣo jáde. Kí ìgbìmọ̀ ìdìbò gba ipò alábòójútó láti ọjọ́ tí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kí wọ́n fún olùdíje kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ àti iye ọ̀rọ̀ kan náà, tàbí kí wọ́n fòfin de ìpolongo níbẹ̀ pátápátá. Òfin ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti 1959 lórí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ le níbi tọ́rọ̀ yìí dé: kọ́bọ̀ owó ẹgbẹ́ tàbí ti agbanisíṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ wọ inú ìpolongo ẹnikẹ́ni, bí ẹgbẹ́ bá sì bá olùdíje kan pín ìwé, ó gbọ́dọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ fún gbogbo wọn. Ní Bìrìtéènì, ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ ló ń fi ìwé ìpolongo gbogbo olùdíje ránṣẹ́ láìgba owó lọ́wọ́ wọn.

Ti agbanisíṣẹ́ yẹn ló burú jù. Ọ̀gá tó yá olùdíje kan ní bọ́ọ̀sì, tó fún àwọn alátìlẹ́yìn rẹ̀ ní àyè ìsinmi, tó sì kọ̀ fún tàwọn yòókù, ẹni tí yóò bá a dúnàádúrà lórí owó oṣù lọ́la ló ń yàn.

Lọ́jọ́ ìdìbò gan-an, iṣẹ́ kò pọ̀ bí ìgbìmọ̀ bá mọ̀ ọ́n ṣe. Kí olùdíje má sí nínú wọn, kí owó iṣẹ́ wọn sì ti jáde lẹ́ẹ̀kan náà kí wọ́n má baà máa tọrọ epo jẹnẹrétọ̀ lọ́wọ́ akápò tó ń díje. Kí ìwé ìbò tí wọ́n tẹ̀ bá iye aṣojú mu, pẹ̀lú àfikún díẹ̀ tí wọ́n ti kọ sílẹ̀. Nọ́ńbà máa wà lára apá ìwé ìbò tó kù sọ́wọ́ ìgbìmọ̀, kì í ṣe lára ìwé tí aṣojú fẹ́ tẹ̀ka sí, kí ẹnikẹ́ni má baà tọpa rẹ̀. Fóònù kò gbọ́dọ̀ wọ ibi ìtẹ̀ka, torí àwòrán ìwé ìbò ni ẹni tó ra ìbò fi ń mọ̀ pé ọjà òun délé. Kí wọ́n tó ka ìbò olùdíje, kí wọ́n kọ́kọ́ ka iye ìwé tó wà nínú àpótí. Bí ó bá ju iye aṣojú tí wọ́n ṣàyẹ̀wò fún lọ, kí wọ́n dúró níbẹ̀.

Abẹ́rẹ́ á lọ kí ọ̀nà okùn tó dí: ẹni tó bá rí àṣìṣe nínú àkọsílẹ̀ kó kọ̀wé kí ọjọ́ ìdìbò tó pé, kó sì gba ẹ̀dà tí wọ́n fọwọ́ sí, tí wọ́n kọ déètì lé lórí. Òfin Ẹgbẹ́ Òṣìṣẹ́ fẹ́ kí ìwé òfin ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sọ bí wọ́n ṣe ń yan olóyè àti bí wọ́n ṣe ń yọ ọ́, ohun tí wọ́n lè ná owó lé lórí, àti bí ọmọ ẹgbẹ́ ṣe lè yẹ ìwé owó wò. Iye ọjọ́ tí ìwé yẹn fi sílẹ̀ fún ẹ̀sùn ni kí olùpẹ̀jọ́ tẹ̀ lé, láti ìgbìmọ̀ ìdìbò dé ìgbìmọ̀ kòtẹ́milọ́rùn ẹgbẹ́. Bí ó bá kọjá ibẹ̀, Ilé Ẹjọ́ Ọ̀rọ̀ Òṣìṣẹ́ ti orílẹ̀-èdè ni ilé ẹjọ́ àkọ́kọ́ tí àtúnṣe òfin ìpìlẹ̀ ọdún 2010 fún ní àṣẹ lórí irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Kò sí olùpẹ̀jọ́ tí ariwo lásán gbè; ìwé owó oṣù, lẹ́tà tó ní déètì àti ẹ̀dà ìwé ìrìn ọkọ̀ ló ń gbè é.

Ìdìbò kò tíì parí lọ́jọ́ tí wọ́n kéde èsì. Ìwé sọ̀wédowó, kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì, ìwé ọkọ̀, àkọsílẹ̀ ọmọ ẹgbẹ́ àti ipò alábòójútó WhatsApp gbọ́dọ̀ yí ọwọ́ padà níwájú ẹlẹ́rìí, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Lọ́jọ́ yẹn kan náà ni kí lẹ́tà ti lọ sí báńkì pé àwọn tó ń buwọ́ lùwé tẹ́lẹ̀ kò ní àṣẹ mọ́.