Káàdì gráfíìkì tó wọ ihò láptọ́ọ̀pù yín lè má ṣiṣẹ́ níbẹ̀

Ọ̀rọ̀ kan náà ni àwọn ọmọ EKSU, FUOYE àti Poly máa ń gbé wá bá mi ní Adó-Èkìtì: "Bọ̀dá, ẹ bá mi yọ gráfíìkì inú láptọ́ọ̀pù yìí, kí ẹ fi èyí tó lágbára jù ú lọ sí i." Àwọn mìíràn á ti ra káàdì náà, ìyẹn èyí tó ń gbé àwòrán jáde sójú ẹ̀rọ, kí wọ́n tó wá. Ìyẹn ló máa ń dùn mí jù, torí owó ti lọ.

Mo mọ ibi tí ìgbàgbọ́ yìí ti wá. Ràámù ṣeé yọ, háàdì dísìkì ṣeé yọ, kọ̀ǹpútà orí tábìlì sì ń gba káàdì tuntun wẹ́rẹ́. Mẹkáníìkì ń gbé ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ sínú ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti nọ́ọ̀kì, ọkọ̀ náà á sì gun òkè Ẹ̀fọ̀n-Aláayè láìsinmi. Ta ni kò ní rò pé bẹ́ẹ̀ náà ni láptọ́ọ̀pù ṣe máa rí?

Nínú ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù, kò gba àríyànjiyàn: wọ́n ti fi lẹ́ẹ̀dì jó ṣíìpù gráfíìkì mọ́ bọ́ọ̀dù, kò sí káàdì kankan láti yọ. Àwọn tí mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ ni àwọn tó ní irú èyí tí káàdì rẹ̀ dá dúró, tó wọ ihò tí wọ́n ń pè ní MXM. Ó wà nínú Alienware M17x àti M18x, nínú MSI GT60 àti GT70, nínú Dell Precision M6600 títí dé M6800, àti nínú HP EliteBook 8760w àti 8770w. Alienware 17 tó jáde ní 2013 ní in. Nígbà tí 17 R2 dé ní 2015, wọ́n ti jó o mọ́ bọ́ọ̀dù.

Ohun tí wọ́n máa ń fi dá mi lóhùn ni pé, "Ṣebí MXM ni tèmi, MXM sì ni èyí náà." Òótọ́ ni. MXM 3.0 ní ìwọ̀n méjì: A jẹ́ mìlímítà 82 sí 70, B jẹ́ 82 sí 105, ihò kan náà ni méjèèjì sì ń wọ̀. Ṣùgbọ́n irin bàbà tó ń fa ooru kúrò lórí káàdì ńkọ́? Ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń gé tirẹ̀ bó ṣe wù ú. Ibí yìí ni mo fẹ́ dúró sí díẹ̀, torí òun gan-an ni ẹnikẹ́ni kì í béèrè lọ́wọ́ mi.

Ẹ mú káàdì méjì tó ní ṣíìpù NVIDIA, GTX 680M ti 2012 àti GTX 980M ti 2014. Ṣíìpù 680M fẹ̀ tó mìlímítà onígun mẹ́rin 294, ti 980M fẹ̀ tó 398. Irin tí wọ́n gé fún ti àkọ́kọ́ lè má bo èkejì tán. Ìyẹn tiẹ̀ kéré. Àwọn ṣíìpù mẹ́mọ́rì tún wà yí i ká, pẹ̀lú àwọn kóìlì àti èròjà kéékèèké tó ń pín iná, ibi tí wọ́n wà àti gíga wọn sì lè yàtọ̀ láti orí káàdì kan sí òmíràn. Bí kóìlì kan bá fi ìdajì mìlímítà péré ga ju àyè tí irin náà ní fún un, irin á gun orí rẹ̀ bí ìdérí tó gun etí ìkòkò. Ẹ máa dè é ní síkírúù, á dà bíi pé ó ti jókòó, àmọ́ àárín rẹ̀ kò kan ṣíìpù. Ìpara tí a ń fi sáàárín wọn kò lè gba irú àlàfo bẹ́ẹ̀ là. Ibi tó rí gbágungbàgun tí ojú lásán kò lè rí ni wọ́n ṣe é fún.

Ọmọkùnrin kan gbé láptọ́ọ̀pù oní-ínṣì 17 wá láti Ìkẹ́rẹ́, ó ti fi káàdì sí i fúnra rẹ̀. Ó tàn, Windows ṣí. Tó bá ti bẹ̀rẹ̀ géèmù bọ́ọ̀lù, kì í tó ìṣẹ́jú mẹ́ta tó fi máa kú. Ó ní iná ló fà á, ó yá ṣájà ẹlòmíràn. Ó ní Windows ni, ó tún Windows mìíràn fi sí i. Nígbà tí mo tú irin bàbà yẹn, ìpara tó fi sí i ṣì wà ní òkìtì bó ṣe fi í sílẹ̀, kò tẹ́ rárá. Ọ̀sẹ̀ méjì ló ti fi ń wá ohun tó wà lábẹ́ síkírúù mẹ́rin.

Ká tiẹ̀ ní ooru ti yanjú. Káàdì B lè fa iná tó wáttì 100. Láptọ́ọ̀pù tó jẹ́ pé káàdì A tí kò fa iná tó bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é fún, ṣájà rẹ̀ àti ọ̀nà tí iná ń gbà dé ihò lè má gbé e. Lẹ́yìn ìyẹn ni vBIOS, ètò kékeré tó wà lórí káàdì fúnra rẹ̀: èyí tí wọ́n kọ fún MSI lè má bá BIOS HP, ètò tó ń jí láptọ́ọ̀pù fúnra rẹ̀, mu, kí ojú ẹ̀rọ dúdú láti ìbẹ̀rẹ̀. Bó bá sì tàn, dráífà NVIDIA, ètò tí Windows fi ń bá káàdì sọ̀rọ̀, máa ń yẹ nọ́ńbà ìdánimọ̀ káàdì wò, tí kò bá rí i nínú àkọsílẹ̀ rẹ̀, ó máa kọ̀ ọ́. Àwọn kan ń tún fáìlì INF, níbi tí àkọsílẹ̀ náà wà, kọ kó lè gbà. Ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ ìgbà tí dráífà mìíràn bá dé, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Dráífà fún géèmù tuntun pàápàá, NVIDIA ti dá a dúró fún 680M àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní 2019, fún 980M ní oṣù kẹwàá 2025.

Mi ò sọ pé kò ṣeé ṣe. Tí káàdì náà bá jẹ́ ọ̀kan nínú èyí tí ilé iṣẹ́ fi sínú irú láptọ́ọ̀pù yẹn gan-an, tí ẹ sì rí irin bàbà tirẹ̀ rà pọ̀ mọ́ ọn, mo rò pé ó lè lọ dáadáa. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ọkàn mi kì í balẹ̀. Mi ò sì ní kí ẹnikẹ́ni ra káàdì tí wọ́n ti fi blower gbóná sí kó lè jí: ó lè ṣiṣẹ́ lójú yín ní ṣọ́ọ̀bù, kó tún kú láàárín ọjọ́ díẹ̀, torí pé inú ṣíìpù gan-an ni ibi tó sán sábà máa ń wà, ooru kò sì tún un ṣe.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí ẹni tó ń tà á ya iwájú àti ẹ̀yìn káàdì ní fọ́tò, kí gbogbo ihò síkírúù hàn. Ẹ tú èyí tó wà nínú tiyín, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò náà, kí ẹ fi ojú wọn kóìlì àti ṣíìpù mẹ́mọ́rì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tó bá ní òun ò lè ya ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ dá owó yín padà sápò.