Kí Wọ́n Tó Rẹ́ Ògiri Ni Kẹ́ ẹ Ti Fa Wáyà Sípíkà

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ́lé lọ́wọ́, tẹ́ ẹ sì fẹ́ fi home theatre sí pálọ̀, kí orin tún máa dún dé kíṣìnì àti bárándà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dúró dìgbà tí wọ́n bá kun ilé tán kẹ́ ẹ tó wá ẹni tó máa ṣe é. Ìgbà tí búlọ́ọ̀kù ṣì wà níhòòhò, tí wọn ò tíì rẹ́ ògiri, tí wọn ò tíì ṣe POP, ìgbà yẹn gan-an niṣẹ́ yìí rọrùn. Sípíkà àti amplifier (ẹ̀rọ tó ń fún sípíkà lágbára), ẹ lè rà á lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ sì lè pààrọ̀ ẹ̀ lọ́jọ́ tówó bá dé, àmọ́ wáyà tó ti wọnú ògiri, àfi kẹ́ ẹ fọ́ ògiri kẹ́ ẹ tó rí i yọ.

Torí náà, wáyà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ náwó sí. Ọ̀pọ̀ èyí tó wà lọ́jà, alumíníọ́mù ni wọ́n kàn fi bàbà bò lára, CCA ni wọ́n ń pè é, àwọn míì ò sì ní kọ ọ́ sára ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá dé ṣọ́ọ̀bù, ẹ ní kí wọ́n bó orí ẹ̀ díẹ̀ fún yín, ẹ fa okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan yọ níbẹ̀, kẹ́ ẹ fi ọ̀bẹ ha á. Tó bá funfun lábẹ́, ẹ dá a padà fún wọn. Bàbà gidi, ẹ ha á títí, àwọ̀ kan náà lẹ máa rí. Alumíníọ́mù yẹn ò lè gbé iná tó bàbà, ó sì máa ń ṣẹ́ tí wọ́n bá ti dè é mọ́ skúrù. Sípíkà tí ò jìnnà ju mítà 15 lọ sí ẹ̀rọ, 16 gauge (nọ́ńbà tí wọ́n fi ń sọ bí wáyà ṣe nípọn tó) tó o, tó bá ti jùyẹn lọ, 14 ni mo máa ń lò (nọ́ńbà tó bá kéré ni wáyà ẹ̀ máa ń nípọn, ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń gbé e sódì).

Ibi témi àti ẹlẹ́tírísíànì ti máa ń jiyàn jù rè é. Ẹni tó ti ń wáyà gílóòbù látọjọ́ yìí, bó ṣe ń gbé e láti orí gílóòbù kan sí òmíì náà ló fẹ́ ṣe sípíkà. Kò gbọ́dọ̀ rí bẹ́ẹ̀ o! Yàrá kọ̀ọ̀kan ló máa ní wáyà tiẹ̀ tó máa wá tààrà síbi kan ṣoṣo tí ẹ̀rọ máa wà. Ohms ni wọ́n fi ń wọn bí sípíkà ṣe ń dènà iná tó, tó bá ti kéré jù, iṣẹ́ amplifier á pọ̀ jù. Sípíkà 8 ohms méjì tí wọ́n bá so pọ̀ lọ́nà yẹn, 4 ohms ló máa jẹ́ fún amplifier, mẹ́rin á di 2, bẹ́ẹ̀ ẹ wẹ̀yìn ọ̀pọ̀ amplifier ilé, 4 tàbí 6 ni wọ́n kọ síbẹ̀ pé kó má kéré sí. Ó máa gbóná, á kàn kú láàárín orin, ẹ óò máa tàn án padà, títí táá fi jó pátápátá.

Wáyà sípíkà àti wáyà iná ò gbọ́dọ̀ jọ wà nínú páìpù kan. Ẹ fi nǹkan bí 30cm sáàárín wọn, tí wọ́n bá sì máa pàdé, kí wọ́n dábùú ara wọn. Ẹ rántí pé ọ̀pọ̀ subwoofer (sípíkà báàsì) ló ní amplifier tiẹ̀ nínú, wáyà RCA (èyí tó ń gbé ohùn wá láti ara ẹ̀rọ) ló ń lò, ó sì fẹ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì nítòsí, wọ́n máa ń gbàgbé sọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn gan-an ni.

HDMI, wáyà tó ń gbé àwòrán àti ohùn lọ sí TV, ńkọ́? Orí ẹ̀ kì í sábà gba inú páìpù 20mm kọjá, ẹ lo èyí tó tóbi, 40mm tàbí 50mm, kẹ́ ẹ sì fi okùn sílẹ̀ nínú ẹ̀ torí ọjọ́ iwájú. Tí TV bá jìnnà ju mítà 5 sí 7 lọ tẹ́ ẹ sì fẹ́ wo 4K (àwòrán tó mọ́ kedere gan-an), ẹ ra HDMI oní-fiber, tó ń fi ìmọ́lẹ̀ gbé àwòrán, àmọ́ ẹ wo orí ẹ̀ dáadáa kí wọ́n tó fà á, torí ó ní orí tó ń lọ sí TV, ó ní èyí tó ń lọ sí ẹ̀rọ, tí wọ́n bá yí i, kò ní gbé àwòrán.

Kí bíríkìlà tó bo páìpù, ẹ fi fóònù ya gbogbo ògiri, kẹ́ ẹ sì kọ orúkọ yàrá sí orí wáyà méjèèjì.

Lọ́jọ́ tí wọ́n bá so sípíkà tán, ẹ mú bátìrì rìmóòtù kan, 1.5V yẹn, kẹ́ni kan fi kan ẹnu wáyà níbi ẹ̀rọ, orí bátìrì sára èyí tí wọ́n ní pupa ni, kẹ́nì kejì máa wo woofer (ojú ńlá tó ń gbé báàsì lára sípíkà). Ó yẹ kó ta síta díẹ̀. Tó bá wọnú, wọ́n ti yí wáyà nìyẹn, báàsì ò ní jáde dáadáa, ẹ ní kí wọ́n tún un so kẹ́ ẹ tó san owó tó kù.