Kí ló ń fa òǹkàwé mọ́ ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì?

Ẹni tí kì í ṣe onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, kí ló ń wá nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀?

Ọ̀pọ̀ rò pé ìròyìn àwárí tuntun ni. Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ èyí tó ń dáni padà lóṣooṣù ni ohun tí a lè fọwọ́ ara wa dán wò. Ẹ wo Scientific American, tó bẹ̀rẹ̀ ní New York lọ́dún 1845. Ní 1957 ni Martin Gardner bẹ̀rẹ̀ sí í kọ abala eré ìṣirò síbẹ̀. Kò kọ́ ìṣirò ní yunifásítì, filọ́sọ́fì ló kà, ó sì mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń rú òǹkàwé lójú. Ní oṣù kẹwàá 1970, ó gbé eré kan jáde tí John Conway, onímọ̀ ìṣirò ní Cambridge, ṣẹ̀dá. Life ni wọ́n ń pè é.

Báwo la ṣe ń ṣe é?

Ẹ fa ìlà sórí bébà kó di àpótí kéékèèké, 15 ní ìbú, 15 ní òró. Ọmọ ayò dára fún un. Àpótí mẹ́jọ ló yí ọ̀kọ̀ọ̀kan ká, pẹ̀lú àwọn ti igun. Ọmọ tó bá wà nínú àwọn mẹ́jọ yìí ni aládùúgbò. Ọmọ tó bá ní aládùúgbò méjì tàbí mẹ́ta yóò dúró. Bí wọ́n bá dín sí méjì tàbí tí wọ́n lé ní mẹ́ta, ẹ yọ ọ́. Àpótí òfìfo tí ọmọ mẹ́ta bá yí ká, tí kò dín, tí kò lé, ẹ fi ọmọ tuntun sí i. Ìyẹn ni ìran kan.

Bí ẹ bá to ọmọ mẹ́ta sí ìbú, ti etí méjèèjì yóò kúrò, ti àárín yóò dúró, tuntun yóò sì bọ́ sókè àti sísàlẹ̀ rẹ̀. Wọ́n ti di òró nìyẹn. Ní ìran kejì, wọn á tún padà sí ìbú.

Mo ṣe é, àmọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Kí ló fà á?

Ó ṣeé ṣe kí ẹ ti máa yọ ọmọ bí ẹ ṣe ń kà á. Ìran kan náà ni gbogbo wọn gbọ́dọ̀ yí padà lẹ́ẹ̀kan náà; bí ẹ bá yọ ọ̀kan ṣáájú, ìṣirò àpótí tó kàn ti bàjẹ́. Ẹ gbé ọmọ kejì lé èyí tí yóò kúrò lórí, ẹ fi òkúta wẹ́wẹ́ sí ibi tí tuntun yóò dé, kí ẹ tó wá tún gbogbo rẹ̀ tò. Àwọn míì máa ń gbàgbé aládùúgbò igun.

Kì í sì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni bébà lè gbà. Ìtò ọmọ márùn-ún kan wà tí kò ní fara balẹ̀ títí di ìran 1,103. Kọ̀ǹpútà ló lè bá ìyẹn dé òpin.

Kí wá ni àwọn òǹkàwé fi ṣe?

Conway dá àbá pé kò sí ìtò tó lè máa pọ̀ sí i láìlópin. Ó ní òun yóò fún ẹni tó bá kọ́kọ́ fi ẹ̀rí gbè é tàbí já a kí 1970 tó parí ní dọ́là 50. Ní oṣù kọkànlá, Bill Gosper àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní MIT, yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà, já a: ìtò tiwọn ń tu ọmọ márùn-ún jáde ní ìran 30-30, àwọn márùn-ún náà sì ń rìn lọ. Inú mi máa ń dùn sí i pé abala eré nínú ìwé ìròyìn ló bí àwárí yìí.

Ẹ lè rí ìrìn yẹn lórí bébà yín. Ní apá òsì lókè, ẹ to ọmọ mẹ́ta sí ìbú. Ẹ fi ìkẹrin sórí àpótí tó wà lókè ti ọ̀tún, kí ẹ fi ìkarùn-ún sí àpótí kejì lókè ti àárín. Lẹ́yìn ìran mẹ́rin, ìrísí kan náà ni yóò padà ní, àmọ́ yóò ti sún ní àpótí kan sọ́tùn-ún àti ọ̀kan sísàlẹ̀. Bí kò bá sún bẹ́ẹ̀, ẹ tún ti igun kà.