Púlọ́ọ̀gì mẹ́rin ni àbí mẹ́fà? Kí ẹ tó ra jíípù ìdílé

Lóṣù tó kọjá, tíṣà kan àti ọkọ rẹ̀ wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì mi. Jíípù méjì ni wọ́n ti rí, tókúnbọ̀ ni méjèèjì, Toyota Highlander ọdún 2010 ni méjèèjì, owó wọn ò sì fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra. Ọ̀kan jẹ́ 2.7, oníplọ́ọ̀gì mẹ́rin. Èkejì jẹ́ 3.5, oníplọ́ọ̀gì mẹ́fà, èyí tí wọ́n ń pè ní V6. Ìyàwó ní 2.7 ni òun ń rà nítorí epo. Ọkọ ní 2.7 kì í ṣe jíípù, Corolla tó wọ agbádá ni. Ẹ̀rín pa mí. Wọ́n ní kí n dájọ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tú nọ́ńbà yẹn, 2.7 àti 3.5, palẹ̀, torí ọ̀pọ̀ èèyàn ló rò pé iye epo tí ọkọ̀ ń mu ni. Àyè tó wà nínú gbogbo sílíńdà ẹ́ńjìnnì ni wọ́n fi lítà wọ̀n, níbi tí písítìn ti ń lọ sókè sódò. Ẹ fi ọ̀rá píọ̀ wọ́tà onídàajì lítà wò ó: 2.7 á gba ọ̀rá márùn-ún àti díẹ̀ lé, 3.5 á gba méje géérégé. Afẹ́fẹ́ àti epo ló ń wọ ibẹ̀ lọ jóná. Bí àyè bá ṣe tóbi tó ni agbára tó máa jáde níbẹ̀ ṣe máa pọ̀ tó. Nínú Highlander tí à ń wí yìí, 2.7 ní agbára ẹṣin 187, 3.5 ní 270.

Àmọ́ nígbà tí ẹ bá kó ọmọ mẹ́rin, ìyá àgbà àti àpò gààrí méjì sínú ọkọ̀, agbára ìfà lẹ máa mọ̀ lára, èyí tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń pè ní torque. Ẹ wo àwọn alábàárù ọjà Bódìjà. Ẹ gbé apẹ̀rẹ̀ tòmátò kan lé ọmọ kékeré lórí, kí ẹ gbé irú rẹ̀ lé géńdé lórí. Wọ́n á jọ dé ìdí ọkọ̀ ni, oúnjẹ tí ọmọ kékeré náà máa jẹ lọ́sàn-án á sì kéré sí ti géńdé. Ẹ wá gbé ìdajì àpò ẹ̀wà lé àwọn méjèèjì. Ọmọ á dúró lẹ́ẹ̀mẹta lójú ọ̀nà, á máa mí gúlegúle, bó bá sì dé ilé, ohun tó máa jẹ á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti géńdé. Bí ẹ́ńjìnnì kékeré ṣe rí gan-an nìyẹn. Epo tó ń pa mọ́ fún yín, ọjọ́ tí ẹrù bá fúyẹ́ ló ń pa á mọ́.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò owó náà. Ìwọ̀n tí ìjọba Amẹ́ríkà fún ọkọ̀ méjèèjì nínú ìlú ni pé gálọ́ọ̀nù kan ń gbé 2.7 rin máìlì 20, ó ń gbé 3.5 tí táyà iwájú nìkan ń fà rin máìlì 18. Ìyẹn bíi lítà 12 sí lítà 13 fún kìlómítà 100. Ẹni tó bá ń rin kìlómítà 20,000 lọ́dún, V6 á fi nǹkan bíi lítà 260 jù ú lọ. Ká ní lítà kan jẹ́ náírà 900, ó di 234,000 lọ́dún, kò tó 20,000 lóṣù. Iye tí ilé epo àdúgbò yín bá ń tà ni kí ẹ fi sí i. Kí ìjọba tó yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù karùn-ún ọdún 2023, kò wọ́pọ̀ kí oníbàárà bi mí ní ìbéèrè yìí. Ní báyìí, kí wọ́n tó kí mi tán ni wọ́n ti ń bi mí.

Owó gidi ni, mi ò fojú kéré rẹ̀. Àmọ́ àwọn tó wá bá mi rò pé V6 ń mu ìlọ́po méjì ni, kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun kan wà tí ìṣirò yẹn ò fi hàn ṣá: sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ tiwa. Tí ẹ bá dúró sójú kan ní Iwo Road láago méje àárọ̀, tí ẹ́sì ń fẹ́, ẹ́ńjìnnì ńlá ń jẹun lórí ìdúró, ó sì ń jẹ ju kékeré lọ. Ẹni tó jẹ́ pé ilé, ṣọ́ọ̀ṣì, ilé ìwé àwọn ọmọ ni gbogbo ìrìn rẹ̀, V6 kò ní iṣẹ́ tó ń ṣe fún un.

Ẹ wá gbé ọkọ̀ kan náà gba Iléṣà lọ sí Ẹ̀fọ̀n Aláayè, kí èèyàn méje wà nínú rẹ̀. Lórí àwọn òkè yẹn, 2.7 á já jíà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, á bẹ̀rẹ̀ sí í ké, ẹ ó sì tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ dé orí ilẹ̀ ọkọ̀. V6 á gòkè bí ẹni tí nǹkan kan ò ṣe. Epo kọ́ ni mo ń rò níbẹ̀, tírélà tó wà níwájú yín ni. Ẹ́ńjìnnì tó lè tètè gbé yín kọjá lára tírélà kí ọkọ̀ mìíràn tó yọ lókèèrè, ìdí pàtàkì ni fún ẹni tó ń rin irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ọ̀dọ̀ àwa mẹkáníìkì ni V6 ti ń gbowó lọ́wọ́ èèyàn ju ilé epo lọ. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wò. Wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì náà dábùú, púlọ́ọ̀gì mẹ́ta kọjú síta níbi tí ọwọ́ tó, mẹ́ta yòókù sá pamọ́ sẹ́yìn, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ lẹ̀ mọ́ ògiri tó pààlà láàárín ẹ́ńjìnnì àti ibi ìjókòó. Kí ọwọ́ tó lè dé ọ̀dọ̀ wọn, a ó tú mánífóòlù òkè, èyí tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, a ó sì ra gásíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ tuntun. Ọmọ iṣẹ́ mi á ti pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin 2.7 tán kí oníàkàrà iwájú ṣọ́ọ̀bù tó din ìkòkò kan. Ti V6 á gbà á ní ọ̀pọ̀ wákàtí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé èmi ni mo sọ ọ́: àwọn kan wà láàárín wa tó jẹ́ pé mẹ́ta iwájú nìkan ni wọ́n ń pààrọ̀, wọ́n á sì gba owó mẹ́fà. Ẹ ní kí wọ́n kó mẹ́fẹ̀ẹ̀fà àtijọ́ sọ́wọ́ yín. Tí mẹ́ta bá dúdú, tí mẹ́ta bá mọ́ bíi tuntun, ẹ ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Kọ́ìlì, èyí tó ń fún púlọ́ọ̀gì níná, mẹ́fà náà ni V6 ní, mẹ́rin ni ti kékeré. Ọ́ìlì rẹ̀ lé díẹ̀ ní lítà 6, nítorí náà kẹ́ẹ̀gì onílítà 4 kan kò lè tó o. 2.7 kò gbà tó lítà 5.

Tí àpò yín bá mọ sí Highlander àkọ́kọ́, láti 2001 sí 2007, ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa. V6 tiwọn, 3.0 àti 3.3, bẹ́líìtì tí wọ́n fi rọ́bà ṣe ló ń yí àwọn fáàfù rẹ̀, Toyota sì ní kí wọ́n máa pààrọ̀ rẹ̀ tí ọkọ̀ bá ti rin máìlì 90,000. Ọ̀pọ̀ tókúnbọ̀ tó wọ ilẹ̀ yìí ti kọjá ibẹ̀ tipẹ́. Àyàfi tí ẹni tó ń tà á bá ní ẹ̀rí lọ́wọ́, ẹ ṣírò owó bẹ́líìtì mọ́ owó ọkọ̀. Ṣéènì onírin ni 2.4, 2.7 àti 3.5 ń lò.

Ṣéènì náà kò sọ wọ́n di áńgẹ́lì. Àwọn kan nínú 3.5 ìbẹ̀rẹ̀ ní ọ̀pá ọ́ìlì kan tí àárín rẹ̀ jẹ́ rọ́bà. Tó bá bẹ́, ọ́ìlì á dà nù kí ẹ tó mọ̀, ẹ́ńjìnnì á sì kú. Toyota ṣe ètò láti fi onírin rọ́pò rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n gbogbo ọkọ̀ kọ́ ló jẹ níbẹ̀ kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi bọ̀. Ẹ́ńjìnnì 2.4 inú RAV4 ọdún 2006 sí 2008 náà lókìkí fún jíjẹ ọ́ìlì. Ẹni tó sá fún V6 torí owó, tó wá ń da ọ́ìlì sí 2.4 lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kò sí ibi tó sá lọ.

Àwọn tó ń ra tuntun, ọ̀rọ̀ tiyín tún yàtọ̀. Láti ọdún 2023, Toyota ti yọ V6 kúrò nínú Highlander tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà, wọ́n fi 2.4 onítọ́bò sí i, ìyẹn èyí tó ní ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ púpọ̀ sí i wọ inú ẹ́ńjìnnì, agbára ìfà rẹ̀ sì ju ti V6 tó rọ́pò lọ. Ẹ má fojú 2.4 àtijọ́ wò ó. Ṣùgbọ́n tọ́bò kì í fara da ọ́ìlì tó ti pẹ́, mo sì mọ bí a ṣe ń fi ọ́ìlì falẹ̀ níbí.

Ẹ máà jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé kí ẹ ra V6, pé a ó yọ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tó bá yá, a ó fi oníplọ́ọ̀gì mẹ́rin sí i. Wáyà, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ àti jíà ni ẹ jọ máa máa bá jà.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ tíṣà wa. Mo bi wọ́n ibi tí wọ́n ń lọ. Ológunẹrù sí Sángo lójoojúmọ́, Èkìtì lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Mo ní kí wọ́n ra 2.7. Ìyàwó wo ọkọ rẹ̀ bí ẹni gba ife-ẹ̀yẹ.

A jọ lọ wo àwọn ọkọ̀ náà. Mo gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì 2.7, ó gbóná. Ẹni tó ń tà á ti tan án kí a tó dé. Mi ò sọ nǹkan kan, mo ní a ń bọ̀ lọ́jọ́ kejì láago mẹ́fà àárọ̀, kí wọ́n má fọwọ́ kàn án. Bí a ṣe tan án nínú òtútù àárọ̀, èéfín aró yọ lẹ́yìn rẹ̀, ó sì ń bá a lọ. Ó ń jó ọ́ìlì. Ẹ̀bi ẹ́ńjìnnì yẹn kọ́, ẹni tó kọ́kọ́ lò ó ni kò pààrọ̀ ọ́ìlì bó ṣe yẹ. V6 ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tan lẹ́ẹ̀kan náà, kò rú èéfín, ọ́ìlì tó wà lórí gééjì rẹ̀ ṣì pupa bí oyin, ọ̀pá ọ́ìlì tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan sì ti di onírin.

V6 ni wọ́n rà. Ọkọ ò sọ̀rọ̀, ó kàn ń fi ọwọ́ pa orí ọkọ̀ náà. Kí ìyàwó tó sanwó, ó yọ bírò, ó bi mí iye tí púlọ́ọ̀gì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà àti gásíkẹ́ẹ̀tì máa jẹ́, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì ní kí wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú owó ọkọ̀.