Kí Igbóbì Tó Wà: Bí Ìmọ̀ Eegun àti Ìrìn Ṣe Bẹ̀rẹ̀ ní Òṣogbo

Bí ẹ bá bi àwọn tó kàwé nípa ìtọ́jú eegun àti iṣan pé ìgbà wo ni iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ wa, 1945 ni wọn yóò dá yín lóhùn. Ọdún náà ni ibùdó ìtọ́jú dé sí Igbóbì, l'Ékòó, fún àwọn sójà tó fara gbọgbẹ́ nínú Ogun Àgbáyé Kejì, tí òyìnbó méjì sì wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá kọ́ àwọn ọmọ wa ní fisiotẹ́rápì, ìyẹn fífi ìwọ́ra àti ìdárayá tọ́jú iṣan àti oríkèé. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìtàn ilé ìwòsàn nìyẹn. Ìmọ̀ bí ènìyàn ṣe ń rìn, bí eegun ṣe ń so padà, àti ohun tó ń mú apá tàbí ẹsẹ̀ rọ, ó ti pẹ́ lọ́wọ́ àwọn baba àti ìyá wa ní Òṣogbo. N kò rí ìdí tí a ó fi máa kà á láti Igbóbì.

Lẹ́nu àwọn babaláwo àti oníṣègùn ni ìpìlẹ̀ rẹ̀ wà. Ẹlẹ́sẹ̀ kan ni Ọ̀sanyìn tó ni ewé, wọ́n sì ń kì í pé ẹlẹ́sẹ̀ kan tó ju ẹlẹ́sẹ̀ méjì lọ. Àrọ̀nì tó ń gbé inú igbó pẹ̀lú rẹ̀, ẹsẹ̀ kan ni tòun náà. Ọbàtálá ló ń mọ ara ènìyàn, ìdí nìyẹn tí abuké àti arọ fi jẹ́ ẹni òrìṣà. Àwọn tó fi gbogbo ewé ayé lé ẹlẹ́sẹ̀ kan lọ́wọ́ ti ronú gidigidi lórí ìrìn kí wọ́n tó sọ bẹ́ẹ̀.

Ọdẹ ni Tìmẹ́hìn tó bá Laróòyè kúrò ní Ìpólé wá dó sẹ́bàá odò Ọ̀ṣun. Èrò tèmi ni pé ọ̀dọ̀ àwọn ọdẹ bíi tirẹ̀ ni ìmọ̀ eegun ti gbilẹ̀ níhìn-ín. Ẹni tó ń kun ẹran kò lè ṣàìmọ ibi tí oríkèé ti wọnú ara wọn, ibi tí iṣan ti di eegun mú, àti ibi tí ọ̀bẹ yóò gbà láìkan eegun. Ọ̀pẹ tún pọ̀ ní agbègbè yìí, igbà a sì máa já. Ẹlẹ́mu tó bá já lulẹ̀, ta ni wọ́n ń gbé e lọ bá nígbà tí kò sí dókítà kankan láti ibí dé etí òkun?

Lẹ́yìn náà ni ogun dé. Ní 1840, Ìlọrin dó ti Òṣogbo, Ìbàdàn sì rán ọmọ ogun wá lábẹ́ Balógun Ọdẹ́rìnlọ láti gba ìlú sílẹ̀. Àlùfáà Samuel Johnson ròyìn ogun náà àti bí Ìlọrin ṣe fọ́n ká. Ẹlẹ́ṣin ni agbára Ìlọrin, ẹni tó bá sì ré bọ́ lórí ẹṣin, itan tàbí èjìká rẹ̀ ló máa ń lọ. Mo gbà gbọ́ tọkàntọkàn pé ogun yìí ló sọ eegun títò di iṣẹ́ ìdílé nílùú wa: àwọn tó ṣẹ́ lápá, tó ṣẹ́ lẹ́sẹ̀, pọ̀ débi pé ẹni tó mọ̀ ọ́n kò ráyè oko mọ́, àwọn ọmọ rẹ̀ sì dúró tì í, wọ́n ń wò ó. Títí dòní, baba ló ń kọ́ ọmọ.

Ọwọ́ ni wọ́n fi ń ka eegun. Wọn yóò fi omi gbígbóná àti òrí wọ́ ojú ibẹ̀ títí iṣan yóò fi dẹ̀, wọn yóò fa eegun náà padà sí ipò rẹ̀, wọn yóò sì fi ọparun tí wọ́n là wẹ́wẹ́, tí wọ́n fi okùn hun pọ̀, dì í. Àwọn mìíràn a máa ṣẹ́ ẹsẹ̀ adìẹ lọ́jọ́ kan náà, wọ́n á tò ó bí wọ́n ṣe to ti aláìsàn. Ọjọ́ tí adìẹ bá fẹsẹ̀ tẹlẹ̀ ni wọ́n á ní kí ẹni náà dìde. Òótọ́ ni pé eegun adìẹ tètè ń so ju ti ènìyàn lọ. Síbẹ̀, kí a fi ẹranko wo bí ara yóò ṣe jiná, ìwádìí ni. Galvani ará Ítálì fi iná mànàmáná mú ẹsẹ̀ àkèré ta, ó tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1791, gbogbo ayé sì ń bọ̀wọ̀ fún un.

A kò gbọdọ̀ gbàgbé àwọn ìyá. Ìyá àgbà tó ń wẹ ọmọ tuntun a máa na apá rẹ̀, á ká ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ inú, á da omi sí i lẹ́yìn. Ọmọ tí ọrùn rẹ̀ kò dúró lásìkò, tàbí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ le gbagidi, ọwọ́ ìyá àgbà yìí ni yóò ti kọ́kọ́ hàn. Wọ́n mọ wárápá yàtọ̀ sí ẹ̀gbà, wọ́n sì mọ làkúrègbé yàtọ̀ sí rọpárọsẹ̀.

Àwọn kan a ní Ling ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ fisiotẹ́rápì, ará Sweden tó dá ilé ẹ̀kọ́ eré ìdárayá sílẹ̀ ní Stockholm ní 1813. Àwọn mìíràn a dárúkọ nọ́ọ̀sì mẹ́rin tó dá ẹgbẹ́ àwọn tó ń wọ́ra sílẹ̀ ní London ní 1894. Ìbẹ̀rẹ̀ tiwọn nìyẹn.

Ìyókù kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ oyè fisiotẹ́rápì ní 1966, Ifẹ̀ tẹ̀lé e. Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun tọpa àrùn kan ní Ẹ̀pẹ́ tó ń mú ènìyàn ta gọ́ọ̀gọ́ọ̀ rìn, tó ń ba ojú àti etí jẹ́, ó sì so ó pọ̀ mọ́ májèlé sáyánáìdì inú ẹ̀gẹ́. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tún yẹ nǹkan bí 19,000 ènìyàn wò láti ilé dé ilé ní Igbó-Ọrà nítorí àrùn ọpọlọ àti iṣan ara. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2020 ni wọ́n kéde pé kòkòrò rọpárọsẹ̀ àdánidá ti kúrò ní Áfíríkà. Ilé ìwòsàn ńlá Yunifásítì LAUTECH tó wà ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, ní Òṣogbo níbí, ti di ti UNIOSUN, Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, báyìí.

Ohun kan ń bà mí lọ́kàn jẹ́. Bí ìdì ọparun bá le jù, ẹ̀jẹ̀ kò ní rìn, ẹran ara á kú, gígé ló kàn. Ìwádìí tí mo fẹ́ kí Òṣogbo ṣe ni kí àwọn oníṣègùn ilé ìwòsàn lọ jókòó ti àwọn ìdílé tó ń to eegun, kí wọ́n kọ ohun tí ọwọ́ wọn mọ̀ sílẹ̀, kí àwọn oníṣègùn náà sì kọ́ àwọn ìdílé yìí láti máa yẹ ọmọ ìka aláìsàn wò. Bí ìka bá tutù, bí ó bá ń dúdú, tàbí tí kò mọ ìfọwọ́kàn mọ́, kí wọ́n tú ìdì náà, kí wọ́n sì gbé ẹni náà lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.