Bí Májèlé Bá Pọ̀ Tó Báyìí, Kí Ló Dé Tí Àwa Èèyàn Ń Pọ̀ Sí I?

Ẹnu kan náà tó ń sọ pé afẹ́fẹ́, omi àti ilẹ̀ ti kún fún májèlé ló tún ń sọ pé èèyàn ti pọ̀ jù láyé. Ọ̀rọ̀ méjèèjì ò bára wọn mu létí, nítorí ohun tó ń pa nǹkan kì í jẹ́ kó pọ̀. Mo kó àwọn ìbéèrè tó máa ń jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí jọ síbí.

Ṣé lóòótọ́ la pọ̀ tó bí wọ́n ṣe ń sọ?

Bẹ́ẹ̀ ni. Nǹkan bí ọdún 1804 ni èèyàn inú ayé pé bílíọ̀nù kan. Nígbà tó fi di 1950, a ti tó bílíọ̀nù méjì àtààbọ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé kéde pé a ti pé bílíọ̀nù mẹ́jọ. Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ la ti ń bọ̀ ká tó pé bílíọ̀nù kan, àmọ́ igba ọdún ó lé díẹ̀ péré la fi kó méje yòókù lé e.

Kí ló wá mú wa pọ̀, nígbà tí májèlé náà ń pọ̀?

Kì í ṣe pé àwọn obìnrin ń bímọ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àwọn ọmọ tí wọ́n ń bí ni kò kú mọ́. Láyé àtijọ́, obìnrin lè bí mẹ́fà kó má rí ju mẹ́ta tọ́ dàgbà. Ìgbẹ́ gbuuru, ibà àti ìgbóná ló ń kó wọn lọ. Omi tó mọ́, ọṣẹ, ilé ìyàgbẹ́ tó dáa, abẹ́rẹ́ àjẹsára àti àwọn oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn ló dá ikú yẹn lọ́wọ́ kọ́. Ìgbóná tó pa ọ̀kẹ́ àìmọye èèyàn, ọdún 1980 ni wọ́n kéde pé ó ti kásẹ̀ nílẹ̀ pátápátá. Lọ́dún 1990, ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún tó kú kárí ayé lé ní mílíọ̀nù méjìlá. Lọ́dún 2022, wọn ò pé mílíọ̀nù márùn-ún.

Ibi tí àdììtú náà ti tú nìyí. Kòkòrò àrùn ń pa ọmọ ọwọ́, tí kò tíì bímọ fún ayé. Ṣùgbọ́n májèlé inú àyíká ní sùúrù. Ó lè jẹ́ kéèyàn dàgbà, kó ṣe ìgbéyàwó, kó bímọ mẹ́rin, kó tó wá kàn án lára lẹ́ni ọgọ́ta ọdún. Nígbà yẹn, wọ́n ti ka àwọn ọmọ rẹ̀ mọ́ èèyàn ayé. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà, kò sì síbi tí ìwé ìkànìyàn ti máa fi èyí hàn.

Tí kò bá dí iye wa lọ́wọ́, kí ló ń bà jẹ́ gan-an?

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nǹkan bí mílíọ̀nù méje èèyàn ni afẹ́fẹ́ ìdọ̀tí ń gbé lọ ṣáájú ọjọ́ wọn lọ́dọọdún. Àmọ́ ẹ kò ní rí ìwé ẹ̀rí ikú tí wọ́n kọ "afẹ́fẹ́" sí. Àrùn rọpárọsẹ̀, àrùn ọkàn tàbí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ni wọ́n máa kọ. Eruku tó ń ṣe ọṣẹ́ yìí kéré débi pé nǹkan bí ọgbọ̀n nínú rẹ̀ ni wọ́n á tò síra kó tó fẹ̀ bí ẹyọ irun orí kan. Irun imú ò lè dá a dúró. Ó ń gba inú ẹ̀dọ̀fóró bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀.

Ti òjé, irin rírọ̀ tí wọ́n máa ń pò mọ́ ọ̀dà àti epo mọ́tò, tún burú lọ́tọ̀. Ìwádìí tí UNICEF, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdé, gbé jáde lọ́dún 2020 fi hàn pé nínú ọmọ mẹ́ta láyé, ọ̀kan ní òjé nínú ẹ̀jẹ̀ dé ìwọ̀n tó yẹ kí àwọn elétò ìlera dìde sí. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè má ṣàìsàn rárá. Kò ní gbóná, kò ní bì. Ọpọlọ rẹ̀ ni kò ní jí tó bó ṣe yẹ, olódo sì ni wọ́n á máa pè é nílé ìwé. Inú máa ń bí mi sí èyí ju ti ikú lọ, nítorí kò sẹ́ni tó mọ̀ pé wọ́n ja ọmọ náà lólè.

Kí ló dé tó fi ń mú ọmọdé ju àgbà lọ?

Ara kì í mọ òjé yàtọ̀ sí kálísíọ́ọ̀mù tó fi ń kọ́ egungun, ọmọ tó ń dàgbà sì ń wá kálísíọ́ọ̀mù kiri. Bí òjé kan náà bá wọnú ọmọdé àti àgbà, ara ọmọdé lè gbà á tó ìlọ́po mẹ́rin tàbí márùn-ún ti àgbà. Ó tún máa ń gbé inú egungun fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí obìnrin bá wá lóyún, egungun rẹ̀ á tú u sílẹ̀ fún ọmọ inú.

Tẹ́lẹ̀, àwọn dókítà gbà pé ibi ọmọ kì í jẹ́ kí májèlé dé ọ̀dọ̀ ọmọ inú oyún. Ìlú Minamata ní Jàpáàn ló já irọ́ yẹn. Chisso, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe kẹ́míkà, ń da ẹ̀gbin tí mẹ́kúrì, irin olóró kan, wà nínú rẹ̀ sí òkun níbẹ̀. Ẹja gbé e mì, ológbò jẹ ẹja, àwọn ológbò wá ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ kiri bí ọ̀mùtí. Lọ́dún 1956 ló kan àwọn ọmọdé. Lẹ́yìn náà ni àwọn ìyá tí ara wọn le dáadáa bẹ̀rẹ̀ sí í bí ọmọ tí kò lè rìn, tí kò lè sọ̀rọ̀. Àṣà àwọn èèyàn ibẹ̀ ni láti gbẹ ìwọ́ ọmọ, kí wọ́n tọ́jú rẹ̀ sínú àpótí kékeré. Àwọn olùwádìí gba àwọn ìwọ́ gbígbẹ yẹn, wọ́n yẹ̀ wọ́n wò, wọ́n bá mẹ́kúrì nínú wọn. Inú ìyá ni májèlé náà ti gbà kọjá.

Dókítà Hosokawa tó ń ṣiṣẹ́ fún ilé iṣẹ́ yẹn gan-an ti fún ológbò kan ní omi ẹ̀gbin náà jẹ lọ́dún 1959, àìsàn kan náà sì mú un. Wọ́n bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀. Ọdún 1968 ni wọ́n tó dá ẹ̀gbin yẹn dúró.

Bí a bá dín ọmọ bíbí kù, ṣé májèlé á dín kù?

Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ẹ wo ọ̀rọ̀ epo bẹntiróòlù. Lọ́dún 1921, Thomas Midgley tó ń ṣiṣẹ́ fún General Motors, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe mọ́tò, rí i pé bí wọ́n bá po òjé mọ́ epo, ẹ́ńjìnnì kì í dún kò-kò-kò mọ́. Lọ́dún 1924, àwọn òṣìṣẹ́ tó ń po òjé náà ya wèrè, àwọn kan sì kú. Síbẹ̀ wọ́n tà á kárí ayé fún ọ̀pọ̀ ẹ̀wádún. Algeria ló dá a dúró gbẹ̀yìn, lóṣù Keje ọdún 2021.

Ní Amẹ́ríkà, láti ìparí àwọn ọdún 1970 títí di ìsinsìnyí, èèyàn fi iye tó ju ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù lọ pọ̀ sí i, mọ́tò náà pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n òjé inú ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọdé ibẹ̀ dín kù ju ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá lọ. Òfin ló yí epo padà. Kò sẹ́ni tó ní kí ẹnikẹ́ni má bímọ.

Ṣé iye wa ò wá kan ọ̀rọ̀ náà rárá ni?

Ó kàn án. Bí èèyàn bá ya wọ ìlú tí kò ní ojú àgbàrá àti ibi tí wọ́n ń kó ẹ̀gbin sí, wàhálà ni. Àmọ́ ìbísí náà ti ń rọlẹ̀ fúnra rẹ̀. Ní àwọn ọdún 1960, obìnrin kan ń bí tó márùn-ún tá a bá pín in dọ́gba kárí ayé. Ní báyìí, méjì ó lé díẹ̀ ni.

Kí ni òbí lè ṣe nínú ilé?

Òjé lè wà nínú ọ̀dà àtijọ́. Bí ọ̀dà ara ògiri bá ti pẹ́, tó ń ṣí, ẹ má fi nǹkan ha á ní gbígbẹ, ẹ má sì gbá eruku rẹ̀. Aṣọ tútù ni kẹ́ ẹ fi nù ún. Ẹ máa fọ ọwọ́ ọmọ kó tó jẹun. Bí ara bá ń fu yín, ẹ ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, nítorí ojú lásán ò lè mọ̀ ọ́n. Bí wọ́n bá bá òjé púpọ̀, oògùn kan wà tó ń fà á jáde, ṣùgbọ́n ibi tó ti ń wá ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá rí. Ọmọ tó gba oògùn tó sì padà sínú eruku kan náà, òjé inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á tún gòkè.